Wọ́n Ní Kí N Má Jáde

Ọjọ́ tí ọmọ mi ní kí n bu oúnjẹ ẹni méjì wá, inú mi dùn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni abọ́ tí mo ń gbé síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bí mo ṣe gbé e lọ, ìrẹsì á ti gan, ẹyin á ti tutù, eṣinṣin á ti jẹ ìpín tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bu ti ẹni méjì,” díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo ní ebi ti wá pa á wàyí, ó fẹ́ jẹun bí èèyàn. Mo bu ìrẹsì kún abọ́, mo fi ẹyin méjì lé e, mo gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí mo padà wá, abọ́ ti mọ́ féfé. Ṣíbí méjì ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ni mo gbé wá. Mo ní bóyá èyí àná ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fọ méjèèjì, mo kó wọn sí àyè wọn. Ṣíbí mẹ́fà ni mo rà sílé yẹn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n di méje.

Aránṣọ ni mí. Ẹnu mi mú, ọwọ́ mi yá. Àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé ẹjọ́ tí mo ń rò fún wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n rántí pé aṣọ wọn ò tíì parí. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló jogún ẹnu náà. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní Aláròyé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ pàápàá ń fi pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lọ́dún tí àrùn yẹn gbòde. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, ẹ ti gbọ́ ẹni tó jà, ẹni tí bọ́ọ̀lù bà lórí, ohun tí olùkọ́ ìṣirò sọ àti bí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nígbà tó ń sọ ọ́. Mo máa ń ní, “Aláròyé, jọ̀ọ́, jẹ́ kí etí mi sinmi.” Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi. Ẹ máa kíyè sí ohun tí ẹ ń fẹnu ara yín bèèrè.

Àwa mẹ́ta la wà nílé nígbà náà: èmi, Aláròyé, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọkọ mi ń wa àjàgbé. Òkèèrè ló wà nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè pa, ibẹ̀ ló sì há sí. Ilé wa ò tóbi. Màṣíìnì mi wà ní pálọ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, yàrá mi tẹ̀ lé e, ilé ìdáná kọjú sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé dáadáa, ìparí rẹ̀ sì ni yàrá tí Ìyá Àgbà àti ọmọ-ọmọ wọn jọ ń sùn.

Ẹ̀yin náà rántí ìgbà yẹn. “Wọ́n ní” la ń jẹ, “wọ́n ní” la ń mu. Wọ́n ní ká fọwọ́. Wọ́n ní ká bomú. Wọ́n ní ká jìnnà síra wa. Lónìí, wọ́n ní kónílégbélé ò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Lọ́la, wọ́n ní ó di oṣù méjì. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń sọ ọ́ pé ta ni “wọ́n” yìí gan-an, á wò yín bíi pé orí yín ti yí. Wọ́n ní, ó tán. Èmi jókòó ti màṣíìnì mi, mò ń rán ìbòmú fún ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Lọ́sẹ̀ kejì ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé ilé kejì, ògiri kan ló la àwa àti wọn láàárín. Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́yìn fèrèsé wo Ìyá Àgbà, wọ́n ní kí á ya ìyá sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ wọ́n títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn yóò fi dé. Mo kó ẹrù Aláròyé jáde sí pálọ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn máa dé ni mo gbọ́dọ̀ kó ìbòmú lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀sán gangan ni. Mo di ọmọ mi léjìká mú, mo wò ó lójú, mo nàka sí ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà, mo ní, “Bí wọ́n bá pè ẹ́, má dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, má ṣí i. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, di etí rẹ. Ṣó yé ẹ?” Ó ní ó yé òun. Mo lọ. Àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró lọ́nà, wákàtí mẹ́ta kọjá kí n tó wọlé.

Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá a, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yẹn, ìka méjèèjì wà nínú etí rẹ̀. Inú yàrá dákẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀ dé, wọ́n gbé Ìyá Àgbà jáde, ìyá ṣì ń mí. Lọ́jọ́ kejì ni fóònù dún pé ó ti parí. A ò fojú kàn wọ́n kí wọ́n tó sin wọ́n. Aláròyé ò sunkún. Ohun tó bi mí ni pé, “Màámi, ṣé mo ti lè dá wọn lóhùn báyìí?”

Mo ní kó lọ wẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, kó lọ wẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fún wa ní oògùn tí a fi fọ yàrá náà, a ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, Aláròyé kó ẹrù rẹ̀ padà síbẹ̀. Mo ní kó ṣì dúró ní pálọ̀ ná. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí mo bá wà lórí màṣíìnì nìkan ló ń jáde lọ sí balùwẹ̀. Màá gbọ́ omi, màá gbọ́ ẹsẹ̀. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin tí mo fi ń tẹ màṣíìnì, ó ti wọlé.

“Aláròyé, jáde wá gba atẹ́gùn lẹ́yìnkùlé.”

Ohùn rẹ̀ á jáde jẹ́jẹ́. “Wọ́n ní kí n má jáde mà.”

Òótọ́ sì ni. Wọ́n ní ká má jáde. Bí mo bá gbé oúnjẹ wá, á ní, “Ẹ ṣé mà.” Ọmọ tó jẹ́ pé àfi kí n fẹjú mọ́ ọn kó tó dúpẹ́! Mo ń fi yangàn fún Nọ́ọ̀sì lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé pé wàhálà yìí ti kọ́ ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà míì, bí mo bá dá màṣíìnì dúró láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. “Ẹ̀ẹ́n mà.” “Mo ti gbọ́ mà.” “Rárá mà, mi ò sún mọ́ fèrèsé.” Mo ní kíláàsì orí fóònù nìyẹn, àwọn olùkọ́ wọn ń gbìyànjú.

Ó ti lé lóṣù méjì tó ti wà bẹ́ẹ̀ nígbà tó ní kí n bu ti ẹni méjì. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà ni wọ́n tú wa sílẹ̀.

Ẹ ò rí ìgboro lọ́jọ́ yẹn! Àwọn ọmọdé ń sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Àwọn àgbàlagbà tó ti bára wọn jà kí àrùn tó dé ń kí ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ títì kan sí ìkejì. Mo sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

“Aláròyé! Ó ti tán o! Wọ́n ti ní ká máa jáde!”

Mo gbọ́ tó ń sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ọmọ tó ń tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà ó ní, “Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ mà.”

“Wọ́n ti sọ ọ́! Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ!”

“Wọn ò tíì sọ ọ́ fún èmi mà.”

Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì, mo ro ẹjọ́ náà fún wọn, mo tún gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí i pé ìgbọràn ọmọ tèmi ti ń pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo ló ń gbọ́ràn tó báyìí?” ni wọ́n wí. “Mẹ́rin ni mo tọ́. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá gbọ́ràn fún ọjọ́ méjì, mo máa ń fọwọ́ kàn án lórí kí n mọ̀ bóyá ibà ni. Lọ wo ọmọ rẹ dáadáa.”

Mo padà délé, mi ò tíì jókòó nígbà tí fóònù mi dún. Olùkọ́ ìṣirò ni, onírùngbọ̀n yẹn. Ó kí mi, ó bèèrè bóyá ara Aláròyé le, nítorí pé kò yọjú sí kíláàsì orí fóònù rí.

“Rí kẹ̀? Ta ló wá ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́?”

“Kì í ṣe àwa o, mà. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ yẹn láti ọjọ́ tí a ti ti ilé ẹ̀kọ́. Kíláàsì dákẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́. Àárò ariwo rẹ̀ ń sọ mí.”

Mo wá fóònù ọmọ mi kiri pálọ̀. Abẹ́ tìmùtìmù àga tó sùn sí lásìkò àìsàn Ìyá Àgbà ni mo ti bá a, eruku ti bò ó, iná ti tán nínú rẹ̀ ó ti pẹ́. Bí mo ṣe dì í mú lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ wá láti ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Ẹ̀ẹ́n mà. Mo ti gbọ́ mà.”

Ta ni ì bá tún wá sí mi lọ́kàn bí kò ṣe Ìyá Àgbà? Ìyá tó kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, tó pe ọmọ tí ọmọ ò dáhùn. Mo pe ọkọ mi, mo sọ fún un. Ó sunkún lórí fóònù, ó ní ìyá òun ò lè ṣe Aláròyé níbi láéláé. Mo fi ìyẹn mú ọkàn le, mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn.

“Ìyá Àgbà, ẹ dákun. Bí ẹ bá ń bínú, èmi ni kí ẹ bá wí. Èmi ni mo ní kó má dá yín lóhùn. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀.”

“Ìyá Àgbà kọ́ mà.” Ohùn rẹ̀ sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó. “Mo dúró dè wọ́n títí. Wọn ò wá.”

“Ta ló wá wà lọ́dọ̀ rẹ?”

“Màámi ni mà.”

Mo ní mi ò gbọ́.

“Màámi ni. Wọ́n ń rán ìbòmú.”

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ lórí irin. Gìrì, gìrì, gìrì, ìdákẹ́ díẹ̀, gìrì, gìrì, gìrì. Bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n tó mí. Mo yíjú sí pálọ̀. Mo rí màṣíìnì mi láti ibi tí mo dúró sí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò yí, ìbòmú tí mo fi sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

“Aláròyé, èmi ni màámi rẹ. Èmi rèé.”

“Wọ́n ní ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ mà.” Kò bínú. Ó ń ṣàlàyé fún àlejò ni. “Wọ́n ní ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ wá, ohùn yín á máa jọ tiwọn. Wọ́n ní kí n máa kí yín, kí n máa dúpẹ́. Wọ́n ní bí ẹ bá pè mí, kí n má dá yín lóhùn. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, kí n má ṣí i. Bí ẹ bá bẹ̀ mí, kí n di etí mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, ó tò ó bí mo ṣe tò ó, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. “Wọ́n” tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí mo rò pé ìjọba ni, tí mo rò pé olùkọ́ ni, tí mo rò pé òkú ọ̀run ni, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ló ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó sì wá yé mi pé láti ìgbà tó ti wọ yàrá yẹn, kò pè mí ní Màámi rí. “Mà” ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe obìnrin tí a kò mọ̀ rí tó tò síwájú ẹni ní báǹkì.

Ohùn mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ohùn tí mo máa ń lò ni, bí abẹ́rẹ́ bá wà láàárín ètè mi. “Aláròyé, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Kò sí ẹnìkan, Màámi.”

Mo kígbe. Mo sáré gbé òòlù. Nọ́ọ̀sì ti wọlé kí n tó padà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Gbé òòlù yẹn sílẹ̀. Bó o bá fọ́ ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ nìkan lo máa fà jáde. Èyí tó kù á jókòó síbẹ̀ ti ẹni yẹn.”

“Ẹni yẹn? Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?”

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. “Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń gbọ́ màṣíìnì lẹ́yìn ògiri yàrá mi. Mo rò pé o ti gbé e lọ sẹ́yìn ni.”

Láti ọjọ́ náà, Aláròyé ò jẹun mọ́. Mo gbé ìrẹsì wá, mo gbé búrẹ́dì wá, mo gbé tíì. Ó ní, “Wọ́n ní nǹkan ìta léwu mà.” Balùwẹ̀ pàápàá, kò yọjú síbẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì pe dókítà kan tí wọ́n mọ̀, dókítà náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta, òun á sì mú ẹni tó lè ṣí kọ́kọ́rọ́ dání, nítorí pé bí ọmọ bá lo ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo ní.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ìtàn ọjọ́ tí mo bí i, bí òjò ṣe dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà. “Wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi mà.” Mo sọ ti eyín rẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ, tó gbé mì. “Wọ́n ti sọ ìyẹn náà mà.” Nígbà tó yá, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohùn mi á parí rẹ̀ nínú yàrá kí n tó parí rẹ̀ níta. Kí ni mo fẹ́ fi bá a jà? Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ló mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ohùn ọmọ mi ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, ó ń gba ọ̀rọ̀ kan sọ kó tó wá òmíràn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn yẹn. Mo ti sọ fún yín pé àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró lọ́nà. Irọ́ ni. Mo pa á fún ọkọ mi, mo pa á fún Nọ́ọ̀sì, mo sì pa á fún ẹ̀yin náà tí ẹ ń gbọ́ mi.

“Aláròyé, kò sí ọlọ́pàá kankan lọ́nà. Wákàtí kan ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀. Abẹ́ fèrèsé yàrá yìí ni mo dúró sí fún wákàtí méjì. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè ẹ́. Omi ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tó ò dáhùn, èmi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Mo gbọ́ orúkọ mi ketekete, mi ò dáhùn. Ẹ̀rù ikú ló bà mí. Ohun tí èmi àgbà ò lè fetí gbọ́, ìwọ ọmọdé ni mo gbé e lé lórí, tí mo sì pè é ní ìgbọràn. Ìwọ kọ́ lo fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni. Mo ṣe ohun tí kò dáa, ọmọ mi. Dárí jì mí.”

Ìró màṣíìnì dúró.

Mo gbọ́ tó fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, èmi kọ́ ló kọjú sí. Ohùn rẹ̀ ti yí kúrò lára ilẹ̀kùn.

“Màámi, ṣé ẹ wà níta lọ́jọ́ yẹn?”

Kò sí èsì. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Bí mo ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn bí a bá ká mi mọ́.

“Màámi, ẹ dá mi lóhùn.”

Kọ́kọ́rọ́ yí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ ti là. Ó na ọwọ́, ó fi pa ojú mi, imú mi, àgbọ̀n mi, bíi pé ilẹ̀ ti ṣú.

“Ẹ mà ti gbó o,” ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú mi. Nọ́ọ̀sì ti gbé omi dé. Bí wọ́n ṣe ń fún un mu díẹ̀díẹ̀, mo wo inú yàrá. Mi ò rí fèrèsé. Ìbòmú ló bò ó láti àjà délẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, tí a rán mọ́ ara wọn láìsí àlàfo. Òwú mi ni, kókó tí mo máa ń ta nígbẹ̀yìn ìrán ló sì wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ kankan ò sí nínú yàrá náà, a wá a títí. Àga kan kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Mo fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀, ó ṣì gbóná.

Dókítà dé lọ́sàn-án, ó gbà á sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń lọ bá a. Ó ní Aláròyé nìkan kọ́: ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń fọwọ́ títí awọ fi bó, ọmọbìnrin kan wà tí kò lè sùn àfi bó bá ń gbọ́ èémí ìyá rẹ̀. Ó ní a ti àwọn ọmọ yìí mọ́lé pẹ̀lú ẹ̀rù àwa àgbà, ẹ̀rù sì máa ń ní ohùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí. Ó kù díẹ̀ kí n bi í bóyá ẹ̀rù náà ló ń jẹ ìrẹsì, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ọmọ mi ń sàn, kí ni mo tún fẹ́? Ọkọ mi dé nígbà tí ẹnubodè ṣí, ọjọ́ tó dé gan-an ló yọ ilẹ̀kùn yẹn kúrò lára férémù. Díẹ̀díẹ̀, Aláròyé bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ padà. Ó sọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, ó sunkún wọn bó ṣe yẹ. Mo jẹ́ kó máa sọ, mi ò ní kí etí mi sinmi mọ́.

Lóṣù kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n tú wa sílẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Mo ti dín aṣọ rẹ̀ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ ò dúró: ẹni tó máa jókòó tì, ohun tó máa sọ fún onírùngbọ̀n, bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ṣílẹ̀kùn, ó yíjú sí mi.

“Màámi, mo ń lọ o.”

Mo la ẹnu láti sọ pé ó dàbọ̀.

“Má jáde.”

Ẹnu mi ló ti jáde, mi ò sì sọ ọ́. Ó wá jẹ́jẹ́, ó wá pẹ̀lú ìfẹ́, bíi pé abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè mi. Ẹsẹ̀ ọmọ mi kan ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Mo rí i tó ń wo ẹnu mi, tó ń dúró de ìyókù àṣẹ, mo sì mọ̀ nígbà náà pé nǹkan yẹn ò ti ìta wọ inú yàrá yẹn rí. Ọ̀dọ̀ mi ló ti lọ, ọ̀dọ̀ mi ló padà sí.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Mo fi orí júwe títì fún un: lọ. Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́. Mo tún fi orí júwe títì, omi ń dà lójú mi sórí ọwọ́: lọ, ọmọ mi, lọ.

Ó gbé ẹsẹ̀ kejì kọjá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo fi gbogbo agbára mi di ẹnu mi mú títí ó fi yà ní igun títì. Lábẹ́ ọwọ́ mi, ètè mi ò dẹ́kun sísọ ọ́.